Ìlà Kan, Ìlà Méjì

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tẹ́ ẹ tẹ̀dó sí Kwali, ẹ kú àfaradà. Sheda, Dafa, Kilankwa, Yangoji, títí dé Abaji lọ́hùn-ún, gbogbo yín la kí. Ẹ̀yin awakọ̀ ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ẹ rọra o. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń dín àkàrà lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó jóná, ṣùgbọ́n ẹ fi etí kan sílẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ obìnrin la gbé wá lónìí. Kí ọkùnrin kankan má tìtorí ìyẹn pa rédíò. Ṣebí ọkùnrin náà ló ń rìn síwá-sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, tó ń bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ó ti yọ? Ìlà mélòó ni?"

Ìlà mélòó ni? Orí ìbéèrè yẹn la máa wà títí ètò á fi parí.

Kò sí kẹ́míìsì tí kò ta bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò. Stríìpù ni àwọn kan ń pè é. "Ẹ fún mi ní PT," ni àwọn mìíràn ń wí. Ẹni tó bá jókòó sí kẹ́míìsì lẹ́bàá ọjà fún wákàtí kan péré á ti máa dá oníbàárà rẹ̀ mọ̀ kó tó la ẹnu. Obìnrin náà á dúró kí àwọn tó ń ra oògùn orí fífọ́ lọ tán. Á wẹ̀yìn wò. Á wá fohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ọ́, ní èdè Haúsá, ní èdè Gbagyi, tàbí ní Yorùbá bó bá rí i pé ọmọ ìyá òun ló ń tajà. Wọ́n á wé e sínú bébà dúdú, á jù ú sínú báàgì, ó di kíá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ọ̀pọ̀ á délé, wọ́n á ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ìlà kan á yọ. Wọ́n á ní, "Kò sí nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lè má tíì bùṣe rárá.

Ohun tí ètò yìí fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í mú, torí a ó máa padà sórí rẹ̀. Stríìpù kì í rí ọmọ. Àròkò tí oyún ń rán ló ń rí. Bí àròkò náà ò bá tíì dé, ìlà kan ló máa yọ, oyún sì lè wà níbẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ́.

Ẹ rántí àròkò ayé àtijọ́. Ọba kan á so owó ẹyọ pọ̀ mọ́ ìyẹ́, á fi rán ìránṣẹ́ sí ọba kejì. Kò sí ìwé, kò sí fóònù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ló máa mọ ohun tó wí. Oyún náà ní tirẹ̀. hCG ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un. Omi ara kan ni, tí ara kì í sábà ṣe jáde àfi tí oyún bá wà.

Báwo ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ẹyin obìnrin á jáde ní àárín oṣù. Àtọ̀ ọkùnrin á pàdé rẹ̀ nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí ilé ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ilé ṣì jìnnà. Oyún tuntun náà á máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó dé ilé ọmọ, kó tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tó fi ń rìn bọ̀ yìí, kò tíì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà lè ti ra stríìpù mẹ́wàá. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á fi ìlà kan hàn án.

Ìgbà tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri tán ni apá tó máa di ibi ọmọ lọ́la á ránṣẹ́ sí ibi tí ẹyin ti jáde. Kí ni iṣẹ́ náà wí? "Ẹ má gbá ilé o. Àlejò ti dé." Nítorí ilé ọmọ ti ń múra láti gbá ilẹ̀ rẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù. Ìgbálẹ̀ yẹn ni nǹkan oṣù. Bí àròkò bá dé, ìgbálẹ̀ dúró. Bí kò bá dé, nǹkan oṣù á wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà wa fi ń sọ ọ́. Wọ́n ní obìnrin náà ti fẹ́ra kù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ohun tí a bá wá tí a ò rí, a ní a fẹ́ ẹ kù. Obìnrin retí àlejò oṣù, kò rí i. Àwọn tí kò rí yàrá àyẹ̀wò rí ló dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ó sì bá ohun tí dókítà ń sọ lónìí mu rẹ́gí.

Àròkò yìí inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Láti inú ẹ̀jẹ̀, ó ń bọ́ sínú ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn fi lè tètè mọ̀ ju stríìpù lọ ní ọjọ́ díẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bíńtín ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bá ti ń kọjá, ó ń di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Náírà kan di méjì. Méjì di mẹ́rin. Mẹ́rin di mẹ́jọ. Mẹ́jọ di mẹ́rìndínlógún. Kò tíì tó ogún náírà, owó tí àwòrán Ladi Kwali amọ̀kòkò, ọmọ ìlú yìí gan-an, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di méjìlélọ́gbọ̀n.

Ọ̀pọ̀ stríìpù tó wà lọ́jà, ó di ìgbà tí hCG bá tó nǹkan bí 25 lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó rí i. Ṣé ẹ rí i báyìí? Mẹ́rìndínlógún ní ọjọ́ Ajé: ìlà kan. Méjìlélọ́gbọ̀n ní ọjọ́rú: ìlà méjì. Obìnrin kan náà, oyún kan náà, stríìpù láti inú páálí kan náà. Ọjọ́ ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò oyún là ń sọ. À ń sọ pé stríìpù kì í rí ọmọ, àròkò tí oyún ń rán ló ń rí, àròkò náà sì máa ń pẹ́ lọ́nà. Ẹni tó bá ṣe é kí nǹkan oṣù tó pẹ́, tó rí ìlà kan, kò tíì rí èsì. Kó dúró. Kó tún un ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan oṣù ti kọjá ọjọ́ rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tú stríìpù ọ̀hún wò. Inú ọ̀rá dídán ló ń wà. Kí ẹnikẹ́ni má ya ọ̀rá náà kó tó ṣe tán láti lò ó, torí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Àpò kékeré kan máa ń wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àpò yẹn ni kó fa ọ̀rinrin. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé jẹ ẹ́. Stríìpù fúnra rẹ̀ funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ tó ìka ọmọ ọwọ́. Ọfà kan kọjú sí ìsàlẹ̀. Ìlà kan wà níbi tí wọ́n kọ MAX sí. Ìtọ̀ ò gbọdọ̀ gun òkè ìlà yẹn.

Ìtọ̀ àárọ̀ ló dára jù, èyí tí obìnrin kọ́kọ́ tọ̀ nígbà tó jí, torí gbogbo òru ló fi gbá jọ. Ẹni tó bá mu omi púpọ̀ kó lè tètè tọ̀, omi ló fi là á. Ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi kún. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ẹnu ò kàn mọ̀ ọ́n.

Wọ́n á tọ̀ sínú ife tó mọ́. Wọ́n á ti stríìpù bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá tí páálí bá wí. Wọ́n á fà á yọ, wọ́n á fi lélẹ̀ gbọrọjọ. Ẹ wá wò ó. Omi aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ á máa gun òkè bọ̀, bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. Inú omi yẹn ni àwọn sójà kéékèèké kan wà, tí wọ́n ru aró lẹ́yìn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: kí wọ́n dá hCG mọ̀, kí wọ́n gbá a mú. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbé e dání lọ sókè. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n kọ T sí, àwọn sójà mìíràn ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n, wọ́n á dá wọn dúró. Aró wọn á wá ṣù jọ síbẹ̀. Ìlà tí ojú ń rí nìyẹn.

Àwọn sójà aláró tó kù á kọjá lọ síbi tí wọ́n kọ C sí. Ìlà C ò sọ̀rọ̀ oyún rárá. Ohun tó ń sọ ni pé stríìpù náà ṣiṣẹ́. Bí C ò bá yọ, kódà bí T bá yọ kedere, ẹ jù ú nù, ẹ ra òmíràn.

Ìlà T tó yọ fírífírí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìjà tọkọtaya ló ti wáyé lórí ìlà fírífírí. Ọ̀kan á ní òun rí i, èkejì á ní irọ́ ni. Bó bá yọ láàárín ìṣẹ́jú tí páálí wí, ìlà ni. Àròkò náà ṣì kéré ni. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, á ti dúdú sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé stríìpù sórí fèrèsé, tó lọ sọ́jà, tó padà dé lọ́sàn-án wá rí ìlà kejì, kó má gbà á gbọ́. Ìtọ̀ tó gbẹ máa ń fi ojú ìlà sílẹ̀.

Kí àwọn èèyàn tó ní stríìpù, kí ni wọ́n ń ṣe? Ìtàn yìí dùn. Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì máa ń ní kí obìnrin tọ̀ sórí àlìkámà àti ọkà báálì lójoojúmọ́. Bí irúgbìn bá hù, oyún wà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1963, àwọn olùṣèwádìí ní Íjíbítì dán an wò, ìtọ̀ aboyún sì mú irúgbìn hù ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n àwọn ará àtijọ́ tún ní ó lè sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1928, ní Berlin ní Jámánì, Selmar Aschheim àti Bernhard Zondek fi abẹ́rẹ́ gún ìtọ̀ obìnrin sára eku kéékèèké. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n á pa eku náà, wọ́n á yẹ ibi ẹyin rẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, ehoro ni wọ́n lò. Wọ́n wá ń fi ṣe òwe níbẹ̀ pé bí ehoro bá kú, oyún dé. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé kò sí ehoro tó bọ́ níbẹ̀. Yálà oyún wà tàbí kò sí, wọ́n á pa á kí wọ́n tó lè wo inú rẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà ló wá yọ wọ́n nínú ìyẹn. Àkèré kan wà ní gúúsù Áfíríkà, tó ní èékánná lẹ́sẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lancelot Hogben, tó ń ṣiṣẹ́ ní Cape Town, rí i ní nǹkan bí ọdún 1930 pé irú àwọn omi ara kan máa ń mú àkèré yìí yé ẹyin. Hillel Shapiro àti Harry Zwarenstein, níbẹ̀ náà, sọ ọ́ di àyẹ̀wò oyún. Wọ́n á gún ìtọ̀ obìnrin sí i lára ní alẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ẹyin bá kún inú ìgò, oyún wà. Wọn ò ní pa àkèré. Á sinmi, á tún ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n kó àwọn àkèré Áfíríkà yìí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń sọ fún àwọn obìnrin òyìnbó pé wọ́n ti lóyún.

Ṣé ẹ ṣàkíyèsí ohun kan? Nínú gbogbo eku, ehoro àti àkèré yìí, obìnrin tó ni ara kì í sí níbẹ̀. Dókítà ló ń kọ́kọ́ mọ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló yí ìyẹn padà. Margaret Crane ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe dókítà. Ayàwòrán ni, tí ilé iṣẹ́ apoògùn Organon ní New Jersey gbà kó máa ya páálí ìpara. Ní ọdún 1967, ó rí ìgò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sórí dígí. Ó béèrè ohun tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ní àyẹ̀wò oyún ni, tí àwọn dókítà fi ránṣẹ́. Òrùka pupa á yọ nísàlẹ̀ ìgò bí oyún bá wà. Crane rò ó pé, ṣé obìnrin ò lè ṣe èyí fúnra rẹ̀ nílé ni? Ó délé, ó mú àpótí rọ́bà kékeré tó fi ń kó píìnì bébà sí, ó fi ṣe àwòṣe àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ ọ́. Wọ́n ní dókítà ò ní fẹ́ ẹ. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbà. Ó bọ́ sọ́jà ní Kánádà ní 1971, ó dé Amẹ́ríkà ní 1977. Crane buwọ́ lu ìwé pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun fún dọ́là kan. Ó ní dọ́là kan náà, òun ò rí i gbà.

Ọdún 1988 ni irú èyí tí obìnrin ń tọ̀ sí tààrà, tí ìlà ń yọ lára rẹ̀, bọ́ sọ́jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ńlá stríìpù tó wà ní Kwali lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ṣé ìlà méjì lè yọ kí oyún má sí? Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wọ́pọ̀. Obìnrin tí oyún ṣẹ́ lára rẹ̀ láìpẹ́, àròkò rẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Obìnrin tó ń wá ọmọ, tí dókítà gún ní abẹ́rẹ́ tó ní hCG nínú kí ẹyin lè jáde, abẹ́rẹ́ yẹn ni stríìpù máa kọ́kọ́ rí. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti ṣe é tí ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá oyún rẹ̀ nínú ìgò fi wáyé ní Nàìjíríà, ní 1989, ní Èkó, irú ìtọ́jú yìí ti tàn ká títí dé Àbújá. Kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dúró de ọjọ́ tí dókítà bá dá fún un. Àwọn àrùn kan náà wà tó ń gbé hCG jáde. Kódà ọkùnrin tó ní irú jẹjẹrẹ kan nínú kóró ẹpọ̀n lè tọ̀ sí stríìpù kí ìlà méjì yọ. Ẹ má fi dán ọkọ yín wò o.

Iyọ̀ tí àwọn kan fi ń yẹ oyún wò ńkọ́? Ṣúgà ńkọ́? Ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ní ó máa hó bí oyún bá wà? Ìtọ̀ gbogbo èèyàn ló lè mú un hó. Ẹ fi iyọ̀ sínú ọbẹ̀.

Èyí tó burú ni ti àwọn tó ń lo oògùn oníkóró láti fi "pe nǹkan oṣù wá", kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oyún wà. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Primodos ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin á gbé kóró méjì mì. Bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀, oyún wà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ní oògùn náà ló ṣe ọmọ àwọn ní jàǹbá. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 1978. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tí Baroness Cumberlege darí sọ pé ọdún 1967 ló yẹ kí wọ́n ti kó o kúrò. Stríìpù kì í wọ ara ẹni. Kóró oògùn ń wọ ara, ó ń wọ ara ọmọ. Ta ló wá yẹ kó tún gbé e mì?

Ẹ tún gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àròkò ni stríìpù ń kà. Ìlà kan kí nǹkan oṣù tó pẹ́ kò túmọ̀ sí pé oyún ò sí. Ẹ dúró, ẹ tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ni ká máa ṣe nígbà tí à ń dúró? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ó rẹ obìnrin. Òòyì ń kọ́ ọ. Oúnjẹ ń rùn sí i. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Kí ni àwọn ará ilé á wí? "Ibà ni. Ibà àti taifọ́ọ̀dù." Wọ́n á gba kẹ́míìsì lọ, wọ́n á po oògùn pọ̀ fún un. Tetracycline á wà níbẹ̀, kápúsù alápá pupa àti yẹ́lò tí àwọn kan ń gbé mì bíi súìtì. Kò dára fún aboyún. Agbo á tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá yá, ikùn á ní òun wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí oyún dúró ni ìpìlẹ̀ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń parí. Nígbà tí àwọn ará ilé ń sọ pé ibà ni, iṣẹ́ ti ń lọ níbẹ̀.

Nítorí náà, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pẹ́, tí ara rẹ̀ ò sì yá, kó kọ́kọ́ ra stríìpù. Kó sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fún un lóògùn pé, "Ó ṣeé ṣe kí n ti fẹ́ra kù." Ibà pàápàá kì í ṣe ohun tí aboyún ń fojú di, oògùn tó yẹ ẹ́ wà, nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n.

Ìlà méjì yọ. Ṣé ó parí? Ẹni tó bá lọ ra ìkòkò máa ń fi ìka kàn án. Ohùn rẹ̀ á sọ bóyá ó ti sán. Ṣùgbọ́n kò rí inú rẹ̀ àfi tó bá ṣí i. Stríìpù ń kan ìkòkò ni. Ó gbọ́ pé oyún ń ránṣẹ́. Kò mọ ibi tó ti ń rán an.

Oyún míì wà tí kì í dé ilé ọmọ. Á fìdí kalẹ̀ sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ọ̀hún. Á máa rán àròkò, stríìpù á fi ìlà méjì hàn, inú gbogbo ilé á dùn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pá yẹn ò lè fẹ̀. Bó bá bẹ́, inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ á máa dà sí, ó sì lè pa obìnrin láàárín wákàtí díẹ̀. Kí ni àmì rẹ̀? Ìrora lábẹ́ ikùn, pàápàá lápá kan. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ara. Òòyì tó ń gbé èèyàn ṣubú. Nígbà mìíràn, ìrora léjìká tí èèyàn ò mọ ohun tó fà á. Ìlà méjì pẹ̀lú irú ìrora yìí, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ì báà jẹ́ òru. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Kwali níbí. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà wà ní Gwagwalada lójú ọ̀nà kan náà. Kó má lọ sùn lé e.

Àwòrán inú ikùn, èyí tí a ń pè ní scan, ló ń ṣí ìdérí ìkòkò. Láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ó lè rí ibi tí oyún jókòó sí.

Kíka ọ̀sẹ̀ oyún yìí náà ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Ẹ fojú inú wò ó. Bàbá lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ó dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Scan ní oyún ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bàbá ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ rọra. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn ni àwọn dókítà ti ń kà á, nítorí ọjọ́ yẹn ni obìnrin lè rántí. Wọ́n á ti fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kún un kí ẹyin àti àtọ̀ tó pàdé. Márùn-ún ti dókítà, mẹ́ta ti bàbá ni. Ọmọ yín ni o.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún ti kọ́kọ́ rí oníṣègùn kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin nílẹ̀ wa, ó di ìgbà tí ikùn bá yọ kí wọ́n tó lọ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní a kì í pariwo oyún tuntun, ojú ayé le. Kò burú. Ẹ fi pamọ́ fún aládùúgbò. Ẹ fi pamọ́ fún àwọn ará ọjà. Ẹ má fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì. Òun ló máa fún yín ní folic acid. Òun ló máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, tó máa mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ pé, bóyá kòkòrò HIV wà. Òun náà ló máa wọn ìfúnpá yín, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru wà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọge, bí nǹkan oṣù bá pẹ́, ẹ ra stríìpù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ lo ìtọ̀ àárọ̀. Bí ìlà kan bá yọ, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí nǹkan oṣù bá tún kọ̀ tí kò wá, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ìlà méjì bá yọ, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ń forúkọ aboyún sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá wọn lọ. Àga wà níbẹ̀ fún yín náà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní irú àkókò yìí kan náà. Ìyá alákàrà, ẹ yí i padà, apá kan ti jinná.